Ẹgbẹ́ Ogun Kẹsàn-án àti Òpó Ilé Mojúbàolú

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, Nathaniel Mojúbàolú ṣìnà lórí omi tó ti ń tukọ̀ láti kékeré. Èrò mẹ́jọ ló gbé ní Ìbẹ̀ṣẹ́, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń lọ. Kùrukùru bo ojú ọ̀sà débi pé ẹni tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì kò rí imú ọkọ̀. Ó yẹ kó jẹ́ kí ilẹ̀ Ìkòròdú wà lápá òsì òun títí ojú yóò fi mọ́ kedere. Dípò bẹ́ẹ̀, ó yà sí apá omi kan tó rò pé ojú ọ̀nà ni, ìgbà tí ẹ̀ka igi ẹ̀gbà tó ń hù létí omi bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló tó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ki ìka bọ omi, ó fi kan ahọ́n. Omi náà dùn. Nínú oṣù kìíní, iyọ̀ a máa wọ inú ọ̀sà. Omi tó bá dùn lásìkò yẹn, láti inú igbó ló ti ń ṣàn bọ̀. Ó mọ̀ pé òun ti wọ ibi tí kò yẹ kí òun wọ̀.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí ní ebúté máa ń ní ó sùn lọ ni. Wọn kò sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó ń sùn kì í tọ́ omi wò. Àṣìṣe ló ṣe, ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀: ó sọ fún àwọn èrò rẹ̀ pé òun ti ṣìnà, kí wọ́n ṣe sùúrù kí oòrùn lé kùrukùru náà lọ, nítorí ẹni tó bá ń wá ọ̀nà nínú kùrukùru yóò wulẹ̀ máa jìnnà sí i ni. Obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ lé itan ní, "Ọ̀gá ọlọ́kọ̀, ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ kó wa lọ fún àwọn àna yín lábẹ́ omi?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ara sì tu gbogbo wọn.

Tíṣà kan wà nínú àwọn èrò náà, Fọláwùmí lorúkọ rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ẹ̀pẹ́. Òun kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ìwé kan ló mú jáde nínú àpò rẹ̀ tó ń kà. Nathaniel, tí kò rí nǹkan ṣe nídìí ọkọ̀, bi í pé kí ló wà nínú ìwé náà tó mú un gbàgbé pé wọ́n ti ṣìnà. Fọláwùmí ní ìtàn àwọn ará etí omi kan ni, tí wọ́n kó lọ jagun fún ìjọba tí kì í ṣe tiwọn. Nathaniel ní kó kà á sókè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jókòó sínú funfun yẹn, omi kò mì, ẹyẹ kò ké, tí ohùn obìnrin kan ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun Róòmù fún wọn títí oòrùn fi là.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀mọ̀wé ni Nathaniel. Ìwé mẹ́fà ló kà, ó fi ọdún méjì ní girama lé e, bàbá rẹ̀ sì fa ọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Ìbẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n bí i sí, lórí omi gan-an, nínú ilé tí wọ́n fi òpó gbé ró lórí ẹrẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ ló wá láti Àwóyè, létí òkun ìpínlẹ̀ Òǹdó, tòun ti àwọ̀n àti ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ kan. Ìlàjẹ ni wọ́n. Lọ́jọ́ Ìsinmi wọ́n a wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ tó kù wọ́n a wà lórí omi.

Nígbà tí wọ́n gbé Fọláwùmí, tó ti ń wọ ọkọ̀ Nathaniel déédéé, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, ó fún un ní ìwé náà. Gbogbo ìgbà òjò kan ló fi kà á, tòun ti ìwé atúmọ̀ èdè tó yá lọ́wọ́ àlùfáà ìjọ wọn. Lẹ́yìn náà ló ra ìwé ìkọ̀wé elẹ́yìn líle, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn náà ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá ń dúró de èrò. Ìtàn Ẹgbẹ́ Ogun Kẹsàn-án ti Àwọn Ará Bàtáfíà ló pè é.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ará Róòmù ni gbogbo ọmọ ogun Róòmù. Èyí kò tọ̀nà, Nathaniel sì fi àtúnṣe yìí ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé olùrànlọ́wọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, tí Róòmù ṣà jọ láàárín àwọn ẹ̀yà tó ti borí tàbí tó bá ṣe àdéhùn. Àwọn ará Bàtáfíà ń gbé níbi tí odò Ráìnì ti pín sí apá púpọ̀ kó tó wọ òkun, lórí ilẹ̀ rírọ̀ tí omi ń bò tó tún ń fi sílẹ̀. Róòmù kò gba owó orí lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin ló ń gbà. Àwọn ọkùnrin náà lè wẹ odò ńlá kọjá pẹ̀lú ohun ìjà wọn, kí wọ́n di ẹṣin mú, kí wọ́n sì gúnlẹ̀ lódìkejì láìtú ká. Nathaniel fa ìlà méjì sábẹ́ gbólóhùn yẹn.

Ó kù díẹ̀ kó pé ẹgbàá ọdún sẹ́yìn, wọ́n kó ẹgbẹ́ kẹsàn-án lọ sí àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí àgọ́ kan tí òtútù kì í fi sílẹ̀. Ìwé kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Igi ni wọ́n ń fá di pẹlẹbẹ bí ewé, tí wọ́n ń fi tàdáwà kọ̀wé sí. Ọ̀gá kékeré kan kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà pé ọtí àwọn ọmọ ogun òun ti tán, kó jọ̀ọ́ fi òmíràn ránṣẹ́. Ìyàwó ọ̀gágun kan láti àgọ́ mìíràn kọ̀wé sí ìyàwó ọ̀gágun tiwọn pé kó má ṣàìwá síbi ọjọ́ ìbí òun, nítorí wíwá rẹ̀ ni yóò mú ọjọ́ náà dùn. Nígbà tí àṣẹ dé pé kí wọ́n kó kúrò, wọ́n dáná sun àwọn létà náà. Iná kò jó o tán. Àwọn onímọ̀ rò pé òjò ló pa á. Ẹrẹ̀ gbé ìyókù mì. Inú ẹrẹ̀ tí atẹ́gùn kò lè wọ̀ yẹn ni igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà wà títí di ayé wa, tí àwọn awalẹ̀ fi hú u jáde tí ọ̀rọ̀ ọtí àti ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí ṣì wà lára rẹ̀.

Láti ibẹ̀ wọ́n lọ sí etí odò Dánúbù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé títí wọ́n fi di ará ibẹ̀. Ìlú kan wà níbẹ̀ lónìí, ní ilẹ̀ Jámánì, tó ń jẹ́ Passau. Orúkọ àwọn ará Bàtáfíà ló fi ẹnu dé ẹnu yí padà di orúkọ ìlú náà. Ọmọ ogun tó bá sì sìn fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láyé ìgbà yẹn, Róòmù a fún un ní ìwé bàbà tí wọ́n fín orúkọ rẹ̀ sí, pé láti òní lọ, òun àti ọmọ rẹ̀ ti di ará Róòmù.

Báyìí ló ṣe ń kọ ọ́. Nígbà mìíràn tí ọyẹ́ bá mú, tí ojú omi àti ojú ọ̀run bá di ọ̀kan, a máa rò pé òun rí wọn tí wọ́n ń wẹ̀ bọ̀ láti ìhà òkun, ẹgbẹ̀ta orí onírun pupa, ẹṣin wọn ń mí hẹlẹhẹlẹ, omi kò sì dún. Kò sọ èyí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tí kò sọ ọ́ fún náà ti ń pè é ní Sójà Róòmù nítorí ìwé tó ń kọ. Bó bá gúnlẹ̀, wọ́n a na ara wọn gbọnrangandan, wọ́n a kí i bí ọmọ ogun. Ìyàwó rẹ̀, Ìbídùnní, tó ń yan ẹja, kò dá a sí rárá. "Àwọn ọkùnrin tó ti kú wọ̀nyẹn," ló máa ń wí, "sọ fún wọn kí ọ̀kan wá bá mi kó igi ìdáná."

Nígbà tí ìwé náà ti di mẹ́ta, ọmọ wọn obìnrin, Moyọ̀sọ́rẹ, rí àyè gbà sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Ẹ̀pẹ́. Ọdún mẹ́ta ló ti ń jókòó ṣe ìdánwò yẹn. Àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ ìbílẹ̀ etí omi ló bọ́ sí i lọ́wọ́, ìwé ọmọ ìbílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé kí oṣù tó parí. Bí kò bá dé, àyè náà yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló kù.

Nathaniel lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀wà hù. Ó dìde kí i, ó fún un ní àga, ó sì wo fọ́ọ̀mù náà. Ó ní Mojúbàolú kì í ṣe orúkọ ará Ìbẹ̀ṣẹ́. Nathaniel ní níbẹ̀ ni wọ́n bí òun, níbẹ̀ ni wọ́n bí bàbá òun, bàbá bàbá òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Akọ̀wé ní kò burú, kó mú ẹ̀rí wá, kí àgbà kan nínú àwọn onílẹ̀ fọwọ́ sí i.

Àgbà tó kù nínú àwọn onílẹ̀ tó gba àwọn Ìlàjẹ lálejò ni Alhaja Ṣẹ̀rífátù Adéyọ̀sí, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Òkè ebúté ni agboolé wọn wà. Nathaniel dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, Moyọ̀sọ́rẹ kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Alhaja fi ọ̀rọ̀ àwàdà gbà wọ́n, ó béèrè ìyá ọmọ, ó béèrè ẹja tí wọn kò gbé wá fún òun láti ìgbà ààwẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ìborùn nù ún.

"Nathaniel, mo mọ bàbá rẹ. Mo mọ ìyá rẹ bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n bàbá bàbá rẹ ti kú kí n tó gbọ́njú, èmi kì í sì í fọwọ́ sí ohun tí ojú mi kò rí. Ọ̀la ni mo máa kú, kí ni mo fẹ́ wí lọ́hùn-ún?"

Alhaja wá ronú díẹ̀, ó ní ohun kan wà. Bàbá òun kì í jẹ́ kí àlejò kọ́lé sórí omi àwọn láìjẹ́ pé ó fi irin gbígbóná jó àmì ilé àwọn sí ẹsẹ̀ òpó àkọ́kọ́, kí wọ́n tó rì í sínú ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ òpó ni, kì í ṣe orí, kí ọwọ́ ẹlẹ́tàn má baà fá a kúrò. Àmì náà jẹ́ òbìrí roboto kan tí ìlà mẹ́ta gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó ní bí òun bá rí àmì yẹn, òun yóò fọwọ́ sí i.

Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta tí ìdílé Mojúbàolú ti ṣí ilé kúrò ní ibi tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́ ọ sí, nítorí iyanrìn tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ wọn. Gbogbo ará ebúté ló sọ fún Nathaniel pé kó má da ara rẹ̀ láàmú, igi tí kòkòrò omi ti jẹ ìdajì rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀, kí ló fẹ́ kù? Nathaniel mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ohun tó wà nínú omi. Ohun tó wà lábẹ́ ẹrẹ̀ ni wọn kò mọ̀. Òun mọ létà kan tó ń tọrọ ọtí.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí wọ́n ṣí ilé. Ó rántí pé bí ènìyàn bá dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé náà, orí mọ́sálásí àtijọ́ àti igi àràbà ẹ̀yìn rẹ̀ a bọ́ sórí ìlà kan. Ní ìgbà tí omi fà, òun àti Moyọ̀sọ́rẹ gbé ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ lọ síbẹ̀. Ọmọ náà ń fi àjẹ̀ di ọkọ̀ mú, bàbá ń fi ọ̀pá oparun gún ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ kan sí ẹsẹ̀ kan. Ẹrẹ̀ a máa gba ọ̀pá mọ́ra láìfọhùn. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrètí ń lọ sílẹ̀ nínú Moyọ̀sọ́rẹ bí omi tó ń fà, ṣùgbọ́n kò fi àjẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ọ̀pá kan nǹkan líle. Nathaniel bọ́ èwù, ó wọ inú omi lọ.

Abẹ́ omi lọ́hùn-ún, àwọ̀ tíì ni gbogbo nǹkan. Ó fi ọwọ́ wa ẹrẹ̀ bí ajá ṣe ń walẹ̀, ó jáde wá mí, ó tún padà. Ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin, ó ní òun kò mọ̀ bóyá òun nìkan ni òun wà níbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé àwọn ọkùnrin ń kọjá lórí òun, tí wọ́n ń wẹ̀ lọ láìyára, ìlà lẹ́yìn ìlà, tí òjìji wọn ń kọjá lórí ọwọ́ òun níbi tí ọwọ́ náà ti di igi mú. Kò bẹ̀rù. Ó dúró kí wọ́n kọjá tán, ó so okùn mọ́ igi, ó sì gòkè.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi fà á yọ. Apá òkè ti di kùkùté tí kòkòrò omi gbẹ́ ní ihò ihò. Apá tó wà lábẹ́ ẹrẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, ó le, èèpo ṣì wà lára rẹ̀ níbòmíràn. Moyọ̀sọ́rẹ fi ọwọ́ bu omi sí i lẹ́sẹ̀, ó ń nù ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Òbìrí kan yọ. Ìlà mẹ́ta gba àárín rẹ̀ kọjá.

Wọ́n gbé e gòkè lọ fún Alhaja lọ́jọ́ náà, omi ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀ ní gbogbo ojú ọ̀nà. Alhaja fi awò ojú sójú, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. "Ọwọ́ bàbá mi nìyí," ló wí. "Ìlà àárín kì í gún lọ́wọ́ rẹ̀." Ó ní kí wọ́n mú bíírò wá. Ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀ kan láti máa kọ ọ́ bí òun bá ṣe ń sọ, ó sì fọwọ́ sí i: pé ìdílé Mojúbàolú jẹ́ àlejò ilé àwọn láti ayé bàbá àwọn, pé òun rí àmì, pé òtítọ́ ni.

Ọjọ́ kejì, akọ̀wé ka ìwé náà, ó tún un kà. Ojú rẹ̀ rọ̀. "Bàbá, àlejò ni wọ́n kọ síbí. Ọmọ ìbílẹ̀ ni fọ́ọ̀mù ń béèrè."

Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó jókòó sórí bẹ́ńṣì, tó ń dúró de tirẹ̀, dá sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Ó ní, "Bó ti wù kí igi pẹ́ nínú omi tó, kò lè di ọ̀nì."

Nathaniel yíjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò purọ́. Ṣùgbọ́n igi kò bẹ̀ yín pé òun fẹ́ di ọ̀nì. Ó ní kí ẹ kàn gbà pé òun wà níbẹ̀ ni." Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà pàápàá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò yí ohun tó wà lórí fọ́ọ̀mù padà. Ọjọ́ méje ló kù.

Wọ́n padà sọ́dọ̀ Alhaja. Nathaniel rò pé yóò bínú, tàbí kó yí ọ̀rọ̀ náà padà fún òun. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó ní òun kọ òtítọ́, òun kò sì ní kọ irọ́ nítorí pé wọn kò rí àyè fún òtítọ́. Lẹ́yìn náà ló fa Moyọ̀sọ́rẹ mọ́ra, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa.

"Fún mi lọ́mọ yìí," ló wí fún Nathaniel.

Ó ṣàlàyé fún un. Ní ilé àwọn, ọmọ tí àgbà ilé bá sọ lórúkọ níwájú gbogbo ìdílé, tí wọ́n bá fi èèwọ̀ ilé lé lórí, ọmọ ilé ni. Kì í ṣe bí ọmọ ilé. Ọmọ ilé ni. Yóò pín nínú ogún, yóò pín nínú òkú sísin, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bi í mọ́ nípa ibi tó ti wá. Orúkọ bàbá rẹ̀ yóò kúrò lẹ́yìn tirẹ̀, Adéyọ̀sí yóò rọ́pò rẹ̀. Kò sì ní jẹ òbòkún mọ́ láyé rẹ̀, nítorí ìyẹn ni ẹja tí ilé àwọn kì í jẹ. "Bí mo bá ti sọ ọ́ lórúkọ, ojú mi ti rí i nìyẹn. Màá fọwọ́ sí i."

Nathaniel dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé tó ti ń yẹra fún. Ọ̀gágun ẹgbẹ́ kẹsàn-án ló kọ nípa rẹ̀ níbẹ̀, ẹni tí wọ́n kọ létà ọtí sí. Flavius Cerialis lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Bàtáfíà ni, bí àwọn onímọ̀ ṣe wí, ṣùgbọ́n Flavius kì í ṣe orúkọ Bàtáfíà. Orúkọ ìdílé ọba Róòmù kan ni, tí wọ́n fi fún bàbá rẹ̀ tàbí òun fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ wọ́n di ará Róòmù. Nígbà tí Nathaniel kọ́kọ́ ka èyí, inú bí i. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkùnrin náà ta orúkọ baba rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni gbólóhùn yẹn ti wà níbẹ̀.

Ìbídùnní wá jókòó tì í. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó kàn béèrè pé ṣé ilé ni ọmọ náà yóò ti máa wá jẹun bó bá gba ìsinmi, tàbí òkè ebúté. Nathaniel ní òun kò mọ̀. Ìbídùnní ní òbòkún ni ọmọ náà kọ́kọ́ jẹ nígbà tó já lẹ́nu ọmú. Nathaniel ní òun rántí.

Ó pe Moyọ̀sọ́rẹ. Ó sọ fún un pé ìwé ọmọ ìbílẹ̀ náà tirẹ̀ ni, orúkọ náà tirẹ̀ ni, kò sì sí ohun tó bá yàn tí òun yóò fi bá a wí. Ó ní bó bá kọ̀, àwọn yóò wá ọ̀nà mìíràn ní ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ náà wo ìwé tó wà lórí itan bàbá rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti mọ ìtàn náà ju bí bàbá rẹ̀ ṣe rò lọ.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé orúkọ Róòmù ló jẹ́. Ṣé ó wá gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wẹ odò ni?"

Nathaniel rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọ náà wọlé, ó fi ìlà pa gbólóhùn tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin rẹ́. Ó kọ òmíràn sórí rẹ̀: pé ọ̀gágun náà jẹ́ orúkọ tí wọ́n fún un, pé ó sì bójú tó àwọn ará ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ ni wọ́n pé jọ ní agboolé Adéyọ̀sí. Àwọn kan máa ń sọ pé Nathaniel kò lọ. Ó lọ. Ẹ̀yìn gan-an ló jókòó sí, nínú aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, nítorí ìyẹn ni aṣọ tó dára jù tó ní. Alhaja tọ́ omi ọ̀sà sí ahọ́n Moyọ̀sọ́rẹ, ó tọ́ oyin tẹ̀lé e, ó pè é ní orúkọ mẹ́ta, ìkẹta nínú wọn jẹ́ ti ìyá Alhaja fúnra rẹ̀. Ó sọ èèwọ̀ fún un. Ọmọ náà tún un sọ. Àwọn ará ilé dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo wọn, pé tiwọn ni. Alhaja wá yíjú sí ẹ̀yìn, ó wá Nathaniel rí láàárín èrò, ó ní, "Àna mi, o ṣeun." Ọ̀rọ̀ yẹn bá gbogbo ènìyàn lójijì. Ẹni tó fún ni lọ́mọ, kí ni a tún máa pè é?

Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ jáde nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí oṣù parí. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sí i, ó sì bá Moyọ̀sọ́rẹ yọ̀ tọkàntọkàn.

Nathaniel fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, òun àti àpótí rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Ojú omi tẹ́jú lọ́jọ́ náà bí àwo. Ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, wọ́n jókòó sórí àga oníke láàárín àwọn òbí mìíràn, ooru mú, afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ ń yí láìyára lókè. Obìnrin kan dúró níwájú, ó ń pe orúkọ. Ó pe Adéyọ̀sí. Nathaniel bojú wẹ̀yìn láti wo ọmọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó yíjú padà ni ó rí Moyọ̀sọ́rẹ tó ti dìde, tó ti ń rìn lọ síwájú pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, orí rẹ̀ sókè, bí ẹni tó ti jẹ́ orúkọ náà láti inú oyún. Ó dáhùn dáadáa. Kò kọsẹ̀. Ìbídùnní di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

Nathaniel kò darí ọkọ̀ sí Ìbẹ̀ṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun fẹ́ sùn ní Ẹ̀pẹ́ kí òun rí i pé ọmọ náà rí ibùsùn. Ó sùn ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀ ní ebúté Ẹ̀pẹ́, ó béèrè bóyá wọ́n lè gba àlejò kan sí ìlà wọn. Wọ́n bi í pé ọmọ ibo ni. Ó ní Ìlàjẹ lòun, láti Ìbẹ̀ṣẹ́. Wọ́n ní kó so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ìparí ìlà. Ìbídùnní lọ kó àwọn ẹrù wọn wá. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, Moyọ̀sọ́rẹ a máa wá jẹun lọ́dọ̀ wọn ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Ẹja mìíràn ni ìyá rẹ̀ ń sè.

Àwọn kan ní Ìbẹ̀ṣẹ́ sọ pé ìtìjú ló lé e lọ. Kò sí òtítọ́ nínú ìyẹn, a sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe: kò sí ẹni tó lé e, ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ ni.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, Nathaniel Mojúbàolú ṣì wà ní Ẹ̀pẹ́, nínú yàrá kan ní àdúgbò Pópó-Ọba. Ó ń gbé èrò láti ebúté Ẹ̀pẹ́ lọ sí àwọn abúlé òdìkejì ọ̀sà, ní gbogbo ọjọ́ àfi ọjọ́ Ìsinmi. Ọkọ̀ rẹ̀ ni ìkẹrìnlá nínú ìlà, ó ṣì wà ní ìparí rẹ̀.